Ìtọ́sọ́nà fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: bí a ṣe lè gba àwọn ọ̀dọ́ tí àwùjọ tì sẹ́yìn wọlé fún ìlera ìbálòpọ̀ àti ìtọ́jú HIV

Ìwádìí ńlá tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lórí HIV ní ọdún 2018, tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2019, fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni kòkòrò náà wà lára wọn. Iye yìí kéré sí ohun tí a ti ń rò tẹ́lẹ̀, oògùn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tí àtọ̀sí ń dà láàmú ní Ìbàdàn yóò kọjá lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, yóò sì gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tàbí alágbo lọ. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń gbé e lọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa òun lè bá ẹni tó mọ ìyá òun pàdé lórí bẹ́ǹṣì, àti pé ìwàásù ni wọn yóò kọ́kọ́ fún òun kí wọ́n tó fún òun ní oògùn. Oníkẹ́míìsì kì í bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò gba owó rẹpẹtẹ. Ohun tí wọ́n gbà ni kí a fara balẹ̀ wo ara wa bí ọ̀dọ́ ṣe ń wò wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tí kò wá

Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà tó kọjá, kí ẹ ka àwọn ọmọ ọdún 15 sí 24 tí wọ́n wá fún ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí ibà àti oyún, kí ẹ sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní àdúgbò yín gan-an: àwọn ọmọṣẹ́ tí wọn kò lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ ìrìn wọn, àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà ní gáréèjì, bí irú ti Ìwó Road tàbí Òjóò, àwọn ọmọ agbèrò tí ń sùn sí ibùdókọ̀, àwọn tí ń gba owó lórí ìbálòpọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọkùnrin tí ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀, àwọn tí ń gún oògùn olóró sára, àwọn adití, àti àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò náà tí wọ́n ti ń dàgbà báyìí. Ẹ fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wéra. Ẹgbẹ́ tó wà ní àdúgbò tí kò sí nínú ìwé yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohun tó ń dí ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń dí ọmọ gáréèjì lọ́wọ́.

Ẹ lọ bi wọ́n léèrè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn kan tí ẹ so pátákó HIV mọ́ iwájú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé, tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún ni àkókò tí ọ̀dọ́ lè fọkàn balẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ ni, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá láti wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera lápapọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó yé ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò ní sọ fún un ẹni tó ṣe àyẹ̀wò àti ẹni tí kò ṣe. Ọ̀gá mìíràn yóò bínú. Ó sàn kí ó bínú lọ́jọ́ náà ju kí ó wá béèrè àbájáde lẹ́yìn náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rìn láti géètì dé ojú fèrèsé oògùn

Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ojú òṣìṣẹ́ yín kò mọ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bí aláìsàn, kí wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá pàdé fún alábòójútó nìkan. Àbùkù tí wọn yóò rí sábà máa ń wà kí wọ́n tó rí nọ́ọ̀sì rárá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á béèrè ohun tí wọ́n bá wá, wọn á sì ní láti dáhùn lójú àwọn tó jókòó. Ẹni tó ń kọ káàdì á pariwo orúkọ. Yàrá kan á wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ti HIV ni, ìbáà jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Káàdì àwọn tí ń gba oògùn á ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló ní àtúnṣe. Kí ẹ̀ṣọ́ máa kí ènìyàn káàbọ̀, kó sì tọ́ka ọ̀nà láì béèrè ohunkóhun. Kí ẹ máa fi nọ́ńbà pe aláìsàn dípò orúkọ. Kí káàdì gbogbo aláìsàn ní àwọ̀ kan náà. Kí nọ́ọ̀sì tí ń ṣe àyẹ̀wò HIV máa ṣe é nínú yàrá tí ó ti ń wo ibà, tí ó ti ń wo ìfúnpá, tí ó sì ti ń fúnni ní ìmọ̀ràn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí wíwọ inú yàrá náà má bàa sọ ohunkóhun nípa ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ògiri yàrá náà kò bá kan àjà, tí ohùn sì ń jáde, ẹ tan rédíò síta ní ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Ọgbọ́n kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ojú fèrèsé oògùn ló gba ìrònú jù. Ike oògùn HIV máa ń dún bí ènìyàn bá gbé e rìn, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń da oògùn náà sínú ọ̀rá kí wọ́n tó dé ilé. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé inú ike rẹ̀, pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin mu, ni ó yẹ kí oògùn náà wà. Kí wọ́n kàn fi aṣọ wé ike náà ṣinṣin, kí wọ́n sì gbé e sínú àpò tó wọ́pọ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lórí oògùn, ẹ fún un ní ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà bí oògùn bá wà, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọṣẹ́ bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ìgbà kan tí yóò ní láti wá irọ́ pa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún ẹnu òṣìṣẹ́ ṣe

Nílẹ̀ wa, nọ́ọ̀sì jẹ́ ìyá. Ọ̀dọ́ á kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, òun náà á sì dáhùn bí ìyá: «Ọmọ ta ni ẹ́? Àdúgbò wo lò ń gbé?» Ìfẹ́ ni ìbéèrè yìí ní ilé ayẹyẹ, nínú yàrá àyẹ̀wò, ìbéèrè ọlọ́pàá ni. Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ yín láti jẹ́ ìyá láì jẹ́ olùwádìí. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́: «Ẹ káàbọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi níbí kò ní jáde lọ. Kí ni mo lè bá yín ṣe?» Kí ó lo «ẹ» fún ọ̀dọ́ náà bó tilẹ̀ kéré sí i; ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ìpátá láti àárọ̀ yóò mọ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó kan ìtọ́jú, kí ó sì ṣe tààrà: ṣé ọkùnrin ni ẹ ń bá lò pọ̀ ni, obìnrin ni, tàbí àwọn méjèèjì, ṣé ẹ lo kọ́ńdọ̀mù nígbà tí ẹ lò pọ̀ gbẹ̀yìn, ṣé ẹnikẹ́ni ti fi agbára mú yín rí? Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sọ pé gbogbo ènìyàn ni òun ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí. Tí ìdáhùn bá ya òṣìṣẹ́ lẹ́nu, kó má hàn lójú rẹ̀. Èyí gba ìdánrawò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn ṣe é léraléra, kí ẹnì kan ṣe ọ̀dọ́, kí ẹnì kejì ṣe nọ́ọ̀sì, títí ojú wọn yóò fi là.

Òfin tó dáàbò bo àwọn tí HIV wà lára wọn lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014, kan gbogbo òṣìṣẹ́, láti orí dókítà dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀. Ẹ ka àwọn ibi tó kan àṣírí nínú rẹ̀ sí wọn létí ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé pé òun gbọ́. Ọdún kan náà ni òfin tó de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo jáde, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ ìlera lè fa àwọn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí ìtọ́jú nílò nìkan ni kí ẹ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì tì í pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ènìyàn méjì péré ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí tí ọ̀dọ́ lè fúnra rẹ̀ gbà fún àyẹ̀wò láìsí òbí, ẹ gba ìlànà tó wà lóde báyìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ yín ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá náà, kí òṣìṣẹ́ má bàa máa fi ìrònú ara rẹ̀ ṣe òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ to ohun tí ẹ ní sílẹ̀ kí ọ̀dọ́ lè gbà á lójú kan

Ẹni tó bá wá nítorí àtọ̀sí kò gbọdọ̀ tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún àyẹ̀wò HIV. Kí àyẹ̀wò HIV, ti rẹ́kórẹ́kó, ti àrùn ẹ̀dọ̀ irú B, kọ́ńdọ̀mù, ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti ìtọ́jú àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ran wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó láti sọ fún ènìyàn pé HIV wà lára rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dámọ̀ràn láti ọdún 2019 pé kí àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi kòkòrò náà hàn kí a tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ewu náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀dọ́ náà pé kó padà wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí kòkòrò náà lè má tíì hàn. Ohun èlò àyẹ̀wò tí ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ wúlò púpọ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ti inú ẹnu tó wọ́pọ̀, láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni a ń ka èsì rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gbà á gbọ́. Ẹni tó bá rí ilà méjì ní láti wá sí ọ̀dọ̀ yín fún àyẹ̀wò tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, nítorí náà kí ó mọ ẹni tí yóò béèrè fún kí ó tó gba ohun èlò náà lọ.

Ẹni tí àyẹ̀wò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà gan-an bí ara rẹ̀ bá gbà á tí òun náà sì ti ṣe tán. Má ṣe dá a padà sílé láti lọ ronú bí òun fúnra rẹ̀ kò bá béèrè bẹ́ẹ̀. Oògùn dolutegravir wà nínú àpapọ̀ oògùn ẹyọ kan lójúmọ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń gbàgbé ohun kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, oògùn kálísíọ́ọ̀mù àti oògùn olómi funfun tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ń mu lè dí dolutegravir lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Ọ̀dọ́ ń ra wọn káàkiri láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ wọn láti lo dolutegravir ní wákàtí 2 ṣáájú irú oògùn bẹ́ẹ̀ tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè nípa agbo náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, nítorí ẹni tí ẹ bá bú nítorí agbo kò ní dá agbo dúró; yóò kàn dá sísọ ọ́ fún yín dúró ni. Bí ó bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí dókítà mọ̀, nítorí ìwọ̀n dolutegravir gbọ́dọ̀ yí padà bí rifampicin bá wà nínú rẹ̀.

Ẹ wọn iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù kẹfà, ní oṣù kejìlá, kí ẹ sì máa ṣe é lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Kí ẹ sọ ohun tó túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́ náà láì fi ohunkóhun pamọ́: ní ọdún 2023, WHO sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Mo rò pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ń mú ọ̀dọ́ padà wá gba oògùn tó èyí, ó sì dùn mí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi í pamọ́ nítorí wọ́n ní àwọn ọmọ náà á máa ṣe ìṣekúṣe.

Fún ẹni tí kòkòrò náà kò sí lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tó wà nínú ewu, oògùn ìdènà tí à ń pè ní PrEP wà. Kí ó ṣe àyẹ̀wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kó sì mọ̀ pé kò dènà àtọ̀sí tàbí oyún. Bí ewu bá ti ṣẹlẹ̀, bóyá kọ́ńdọ̀mù já tàbí wọ́n fipá bá a lò pọ̀, oògùn PEP, èyí tí ń dènà HIV lẹ́yìn tí ewu ti ṣẹlẹ̀, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bí ó bá sì yá tó ni ó dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Oògùn pàjáwìrì tí ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà. Ẹ má ṣe béèrè ìwé ọlọ́pàá kí ẹ tó fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní oògùn. Ní Èkó, Mirabel Centre ní Ìkẹjà ń gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ wo káàdì wọn bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV (kòkòrò tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ) tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023; àwọn tí kò lọ ilé ìwé ni kò rí i gbà jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì sanwó fún wọn

Ètò Zvandiri ní Zimbabwe, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ń fi àwọn ọ̀dọ́ tí HIV wà lára àwọn náà ran àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́: wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń bá wọn dé ilé ìwòsàn. Èyí ṣeé ṣe níbí pẹ̀lú. Ẹ yan ẹni tó ti pé ọdún 18, tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀, owó ìpè àti owó iṣẹ́. A kò lè máa sọ pé ọ̀dọ́ ni òpó ilé kí a sì máa fi ebi pa á. Ẹ má gbé ènìyàn púpọ̀ lé e lórí, kí alábòójútó sì máa jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ ohun tó rù ú lọ́kàn, nítorí ìròyìn ikú àti ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ ni òun náà ń gbé kiri.

Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò náà. Ọ̀pọ̀ òbí ti sọ fún ọmọ wọn pé oògùn ọkàn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lò, ọmọ náà á sì ka orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan, á sì jù ú nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú òbí nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ó tó di ìgbà ìbàlágà kí ó ti mọ̀ ọ́n tán láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àkókò, fóònù àti oògùn inú àkójọ

Ilé ìwòsàn tó ń ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin kò ṣí fún ọmọṣẹ́. Ẹ ṣí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì dín wákàtí mìíràn kù bí òṣìṣẹ́ kò bá tó. Ẹ bá àwọn oníkẹ́míìsì àdúgbò ṣe àdéhùn: ẹ fún wọn ní kọ́ńdọ̀mù àti ìwé pélébé tí nọ́ńbà nìkan wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá mú un wá má ṣe tò sórí ìlà.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà fóònù ọ̀dọ́ kankan, ẹ béèrè ẹni tí fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí a lè pè, àti orúkọ tí a lè pe ara wa bí ẹlòmíràn bá gbé e. Kí orúkọ àrùn tàbí ti oògùn má ṣe wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ láéláé. Fún ẹni tí kò lè kàwé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp; fún adití, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tàbí kí ẹ wá olùtumọ̀ èdè àmì tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró lójijì, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà ní oṣù tó tẹ̀ lé e láti ra oògùn HIV. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ilé ìwòsàn kékeré ni kí ó máa ka oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó béèrè fún tuntun kí èyí tó wà nílẹ̀ tó dín sí ti oṣù méjì, kí ó sì rí i pé owó kọ́ńdọ̀mù àti ti àwọn ọ̀dọ́ olùrànlọ́wọ́ wà nínú ìṣúnná ìjọba ìbílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka àwọn tó padà wá

Iye ènìyàn tí ẹ ṣe àyẹ̀wò fún máa ń dára lójú ìwé, pàápàá lẹ́yìn ìpolongo kan. Ohun tó yẹ kí ẹ kà ni iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye àwọn tó ṣì ń gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti iye àwọn tí kòkòrò ti lọ sílẹ̀ lára wọn, kí ẹ sì ya àwọn ọ̀dọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àgbà nínú ìṣirò náà.

Bí ọ̀dọ́ bá fo ọjọ́ rẹ̀, ẹ pè é láàárín ọjọ́ mélòó kan ní ọ̀nà tí ẹ ti jọ fohùn sí. Bí kò bá gbé e, kí ọ̀dọ́ olùrànlọ́wọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn lọ wò ó. Ẹ má ṣe rán ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí lára. Kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ bí ara ṣe rí, kó má jẹ́ ìdí tí kò fi wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sá: ó gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ti kó lọ sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Ẹ kọ ìwé ìfiránṣẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí orúkọ oògùn tó ń lò àti ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn wà nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní oògùn tí yóò gbé e dé ibẹ̀, kí ẹ pe ilé ìwòsàn tó ń lọ, kí ẹ má sì ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yín títí wọn yóò fi sọ pé ó ti gba oògùn lọ́wọ́ àwọn.